Kì í Ṣe Gbogbo Ìbàdí Ríro Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Bí obìnrin aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, bá nàró lẹ́yìn iṣẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí rẹ̀, tó sì ní, "Yéè, ẹ̀yìn mi o!", kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èsì. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tó jókòó tì í yóò sọ bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó wá ra aṣọ yóò sọ bẹ́ẹ̀, ìyá alágbo tó ń kọjá lọ yóò sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ọlọ́kadà ní Pánṣẹ́kẹ́ ń gbọ́ èsì yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Ìbarà ń gbọ́ ọ, àgbẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá ń gbọ́ ọ. Bí kì í bá ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, á jẹ́ làkúrègbé; bí kò bá jẹ́ làkúrègbé, ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn. Nǹkan dídùn ló jẹ jù. Iṣẹ́ ló ṣe jù. Kó ṣáà mu ìgò méjì kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Èrò tí gbogbo ìlú gbà nìyí, òun ni mo sì fẹ́ ta kò. Mo ní èrò yìí ń sọ àwọn èèyàn wa di arọ, mi ò sì bù mọ́ ọ̀rọ̀. Nínú àwọn tí ìbàdí tàbí ẹ̀yìn ń ro, àwọn kan wà tí kókó ń hù nínú egungun ẹ̀yìn wọn, yálà ti jẹjẹrẹ tàbí òmíràn. Ohun tó sábà máa ń pinnu bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa rìn lọ ni ipò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù sábà máa ń rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n bá gbé wọlé kì í sábà dìde. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa ń wà láàárín ìrìn àti gbígbé yìí, nígbà mìíràn ọjọ́ díẹ̀ péré. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni "jẹ̀díjẹ̀dí ni" ń jẹ run.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún wọn níbi tí wọ́n ti jàre. Ẹ̀yìn ríro pọ̀ láyé ju kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ lọ. Iṣan tó fà tàbí oríkèé tó ti gbó ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà èèyàn mu àgbo tàbí kò mu ún. Ibẹ̀ ni àgbo ti rí orúkọ rere: ara wo ara rẹ̀ sàn, ìgò gba ọpẹ́. Mo tún gbà pé kókó tó bẹ̀rẹ̀ láti inú egungun ìdí fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní chordoma, nǹkan bí ẹni kan nínú mílíọ̀nù kan ló ń mú lọ́dún. Àmọ́ jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn lára, tó wá fi egungun ẹ̀yìn ṣe ibùgbé, kò ṣọ̀wọ́n rárá. Láti inú prostate ọkùnrin àti ọyàn obìnrin ló sábà ń ti wá, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń mú ọkùnrin àti obìnrin jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà. Ìlú tó bá ti ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ẹ lọ dúró ní gáréèjì Kútọ̀ lówùúrọ̀ kan, kí ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kí ló ń kà sílẹ̀? Ìbàdí tó ń ro. Ìdí tó ń wúwo bí èèyàn bá jókòó. Ìgbẹ́ tó ń há. Ìtọ̀ tí kò dá gaara. Ẹsẹ̀ tó ń ṣe gìrìgìrì. Nǹkan ọkùnrin tó kọ̀ láti dìde. Àwọn tó dúró tì í ń mi orí, nítorí ó dà bí ẹni pé ara tiwọn ló ń kà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo egungun ìdí. Egungun onígun mẹ́ta ni, tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, láàárín egungun ìbàdí méjèèjì. Egungun márùn-ún ni nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n wá lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan bí a ti ń dàgbà. Ihò wéwèé wà lára rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì, ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ń gbà jáde. Àwọn iṣan tó gba ihò kejì, ìkẹta àti ìkẹrin jáde ló ń darí àpò ìtọ̀, ihò ìdí àti nǹkan ọkùnrin, àwọn ló sì ń mú ká mọ̀ pé ohun kan kàn wá níbi tí a fi ń jókòó. Àyè pọ̀ níwájú egungun yìí, nínú agbada ìbàdí, tó fi jẹ́ pé kókó lè máa dàgbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìwú kankan tí ojú lè rí. Bó bá ti ń tóbi ni yóò máa ti ọ̀nà ìgbẹ́ síwájú, tí yóò sì máa tẹ iṣan mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi. Kí wá ni aláìsàn yóò máa rò? Ìbàdí ríro, ìdí wíwúwo, ìgbẹ́ híhá, ìtọ̀ tó ń dá dúró lójijì, okun ọkùnrin tó lọ. Ohun tí alágbo ń polówó àti ohun tó ń mú dókítà fura sí kókó egungun ìdí, ọ̀kan náà ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ní èrò yìí léwu ju àṣìṣe lásán lọ. Ó ní orúkọ kan tó gba gbogbo àmì kókó náà mọ́ra, ó sì ní ìtọ́jú kan tó ń mú kí àṣìṣe náà jọ òtítọ́. Àgbo yóò ṣí inú. Aláìsàn yóò yàgbẹ́, yóò ní ara òun fúyẹ́, gbogbo ilé yóò sì gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n dá. Kókó náà kò kúrò níbi tó wà. Kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta: bí àwọn tó ní kókó egungun ìdí ṣe ń bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ gan-an nìyẹn, chordoma pàápàá, tí kì í kánjú dàgbà, tó sì sábà ń mú àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìka kan ṣoṣo nínú ìbọ̀wọ́ dókítà, tó bá gba ihò ìdí wọlé, lè kan púpọ̀ nínú irú kókó yìí lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìka yẹn kan náà ló ń yẹ prostate wò. Àwọn ọkùnrin wa ń sá fún un bí ẹni sá fún àrùn ìtìjú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún wọn pé ìtìjú yẹn kò ní ọlá kankan nínú. Ẹni tó bá di arọ, ọwọ́ ọmọ àti ìyàwó ni yóò máa wẹ ibẹ̀ yẹn fún un lójoojúmọ́. Mi ò sì dá àwọn oníṣègùn òyìnbó náà sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èèyàn ń dé kẹ́míìsì tàbí ilé ìwòsàn kékeré, tí wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó bọ́ ṣòkòtò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó rìn kí àwọn wò ó. Jẹ̀díjẹ̀dí tí a kọ sórí káàdì ní èdè òyìnbó, jẹ̀díjẹ̀dí ṣì ni.

Ìrora kókó ní ìwà tirẹ̀ tí èèyàn lè fi dá a mọ̀. Ìrora iṣẹ́ máa ń rọlẹ̀ bí èèyàn bá sùn. Ìrora kókó máa ń jí èèyàn lóru, ó tún máa ń le sí i nígbà mìíràn bí èèyàn bá nà gbalaja. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, kò dín kù, ó ń pọ̀ sí i. Ara ń fà láìsí ìdí. Bó bá wá di pé ẹsẹ̀ ń wúwo lórí àtẹ̀gùn, tí èèyàn kò mọ̀ bóyá bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun, tí ibi tó fi ń jókòó kú tìpẹ́tìpẹ́, tí ìtọ̀ sì dá dúró tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, wàhálà ti kan okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí àwọn iṣan tó so mọ́ ìdí rẹ̀. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sun oorun ọjọ́ kejì nílé. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti prostate rí kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de àwọn àmì yìí. Ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ríro tuntun fúnra rẹ̀ ti tó àmì.

Kí ló dé tí prostate fi ń wá sí ẹ̀yìn? Ní ọdún 1940, Oscar Batson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tó so agbada ìbàdí pọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kò sí ìdènà kankan nínú wọn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lè lọ síwájú, ó sì lè lọ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà jẹjẹrẹ nìyẹn. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1941, dókítà Charles Huggins fi hàn pé bí wọ́n bá gba ohun tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin lọ́wọ́ jẹjẹrẹ prostate, yálà nípa yíyọ kóró abẹ́ tàbí nípa oògùn, jẹjẹrẹ náà máa ń rọ, ìrora egungun sì máa ń lọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1966. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé, "Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?" Ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ti wà nílẹ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí jẹjẹrẹ prostate ti dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè tún rìn lọ sóko, kó tún jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Wọn kò lè lé e kúrò pátápátá mọ́ ní ìpele yẹn, òótọ́ ni. Ọdún díẹ̀ tí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré.

Àrùn mìíràn tún wà tó ń jọ kókó lẹ́yìn, tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nílẹ̀ tiwa: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní abuké, tí a ń sọ ìtàn ègún lé lórí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló jẹ egungun ẹ̀yìn wọn nígbà èwe. Oníṣẹ́ abẹ Percivall Pott ti kọ nípa àrùn náà ní London ní 1779. Ó ń fa ìrora, ó ń mú ara rù, ó ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, gẹ́gẹ́ bí jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró tí èèyàn ń lò fún oṣù mélòó kan ló ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ìjọba ń fún àwọn èèyàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí wọ́n bá ya àwòrán ẹ̀yìn, ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń jẹ tìmùtìmù tó wà láàárín egungun méjì run pẹ̀lú egungun. Jẹjẹrẹ sábà máa ń jẹ egungun, kó sì fi tìmùtìmù sílẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ahọ́n tó tọ́ àgbo wò kò lè rí i. Nígbà tó bá sì ku díẹ̀ káàtó, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ibẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ń du ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ìwòsàn pípé.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa abẹ́rẹ́ yẹn: ọwọ́ irin kì í kan jẹjẹrẹ, bó bá ti kàn án, yóò tàn. Bí mo bá ní kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀, mo purọ́. Chordoma lè gbin ara rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà bí ẹni tó mú un kò bá mọ ohun tó ń ṣe. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń sọ pé dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ni kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, ẹ̀yìn gan-an ni kó sì gbà, kì í ṣe inú ihò ìdí, kí wọ́n lè gé ojú ọ̀nà náà kúrò pẹ̀lú kókó. Ewu yìí ń pè wá láti wá ọwọ́ tó mọṣẹ́. Kò pè wá láti padà sí Kútọ̀.

Èrò kejì tó ń ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn le jù ú lọ. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún, arọ ni yóò dà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, olúkúlùkù ló sì ní ẹnì kan tó lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan: lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹni náà lọ, ṣé ó ń rìn? Wọn yóò ní rárá, ó ti tó oṣù kan tó ti wà lórí ibùsùn. Kókó ló sọ ọ́ di arọ. Ọ̀bẹ ló wá gba ẹ̀sùn.

Ní ọdún 1887, ní oṣù kẹfà, ọkùnrin kan wà ní London, Captain Gilbey, tí ìrora ti ń jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀bá egungun èjìká fún ọdún mẹ́ta. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ dókítà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é; ìrora lásán ni wọ́n pè é, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kú. Dókítà William Gowers ló wá sọ ọ́ dájú pé kókó ló wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ abẹ Victor Horsley ló là á. Níbi tó kọ́kọ́ là, kò rí nǹkan kan. Ó yọ egungun díẹ̀ sí i lápá òkè, kókó náà sì yọjú, kò tóbi púpọ̀. Wọ́n mú un jáde. Kí ọdún tó yí po, ọkùnrin náà ti ń rìn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé fi hàn pé wọ́n yọ kókó kúrò nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó sì yọrí sí rere. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1895, ni àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò níbí, tí Fadá Coquard sì ń fi abẹ wo àwọn Ẹ̀gbá sàn níbẹ̀. Ọ̀bẹ oníṣègùn kì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta. Láti 1962 tí Látúndé Òdẹ́kù ti padà dé láti Amẹ́ríkà sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀, ọmọ Yorùbá, tó sì kọ́ àwọn mìíràn kó tó kú ní 1974.

Bí ẹ bá fẹ́ iye tí a kà, ẹ gba èyí. Ní 2005, Roy Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 101 aláìsàn tí jẹjẹrẹ ti tẹ okùn iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Wọ́n fi ìtànṣán nìkan wo àwọn kan. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn yòókù kí wọ́n tó fi ìtànṣán kún un. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, 57. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ṣì ń rìn fún nǹkan bí 122 ọjọ́, àwọn ìyókù fún 13 péré. Wọn kò tiẹ̀ gba ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá ju wákàtí 48 lọ sínú ìwádìí náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí kò pọ̀ mọ́. Wákàtí 48! Àwa níbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń pààrọ̀ alágbo.

Ní ti egungun ìdí, mi ò ní sọ pé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rọrùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé chordoma kúrò lódindi, láìtú u, nítorí kò gbọ́ràn sí oògùn jẹjẹrẹ, bó bá sì ṣẹ́ kù, yóò tún hù. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbà ló ń pinnu ohun tó kù fún aláìsàn. Bí kókó náà bá wà nísàlẹ̀ nìkan, tí wọ́n lè dá iṣan kejì àti ìkẹta sí, kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí aláìsàn ṣì máa mọ ìgbà tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n. Bó bá ti gòkè, wọn yóò ní láti gé àwọn iṣan yẹn dànù. Ìyàtọ̀ láàárín kókó tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó ti gòkè, oṣù tí a fi ṣòfò ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ń dùn mí jù, nítorí tiwọn kì í gba oṣù. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìta lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí àwọn kan ní ayé ló ta á lọ́fà, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí dókítà Denis Burkitt kọ nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń wú, ṣùgbọ́n ó tún máa ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó wà lára jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti rí jù lára ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bó ti yára dàgbà náà ló yára yọ́ bí oògùn bá tètè kàn án; ọmọ náà lè tún dìde rìn. Ọmọ tuntun náà wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú kókó ní ìdí, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí wọ́n tètè gé e, kí wọ́n sì yọ egungun kékeré ìparí ìdí mọ́ ọn, nítorí bí èyí bá ṣẹ́ kù, kókó náà lè padà wá, bí oṣù bá sì ti ń lọ ni ó ń ṣeé ṣe sí i kó di jẹjẹrẹ. Ìyá tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní mo wá ba oògùn ìbílẹ̀ jẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti dáhùn fún mi láti 1954. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Àrò, kò lé àwọn adáhunṣe dànù. Ó pè wọ́n mọ́ra, àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú òyìnbó lójúmọmọ. Gbogbo ayé wá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wa. Olúkúlùkù mọ ibi tí agbára òun mọ, ó sì ń fi ohun tó ju agbára rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn: èyí ni ohun tó mú Àrò yàtọ̀. Àwọn adáhunṣe àtijọ́ ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí wọ́n tó já ewé. Ìgò tí wọ́n pò sílẹ̀ láti àárọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti di ìbàdí mú kò bá ọ̀nà wọn mu. Ewé sì wà nínú oògùn tí ọsibítù ń fún ọmọ tó ní jẹjẹrẹ Burkitt. Vincristine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, láti inú òdòdó kan tó wá láti Madagascar ni wọ́n ti yọ ọ́, òdòdó tí ọ̀pọ̀ wa gbìn síwájú ilé fún ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó lò ó wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì mọ àrùn tí wọ́n ń lò ó sí.

Owó wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ nìyí, mi ò sì ní fojú fò ó. Ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara wọ́n, ìtànṣán kò sí ní gbogbo ìlú, iṣẹ́ abẹ egungun ìdí ń gba ọwọ́ dókítà oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye tí ìdílé kan ń ná lórí àgbo, lórí abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì, lórí òróró àdúrà àti lórí àwọn tó ń to eegun, kí wọ́n tó dé ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba pẹ̀lú ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà mọ́. Àwọn àyẹ̀wò tó ń kọ́kọ́ tọ́ka sí ewu kò wọ́n: ìka dókítà, kí wọ́n fi òlù kékeré kan orúnkún, kí wọ́n wò ó bó ṣe ń rìn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA tó ń tọ́ka sí prostate ọkùnrin, X-ray. X-ray nìkan kò tó láti dá èèyàn sílẹ̀, torí egungun lè ti jẹ tó ìdá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn lójú àwòrán. Ẹni tí X-ray rẹ̀ "kò ní nǹkan kan", tí ìrora ṣì ń jí lóru, kó má gbà. Federal Medical Centre ti wà ní Ìdí-Aba láti 1993, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ibi tó kàn. Bó bá sì di ìtànṣán, UCH wà ní Ìbàdàn, ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sí ọsibítù LUTH ní 2019 wà ní Èkó, ojú irin sì gba Láderin níbí kọjá lọ sí ìhà méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Olíkóyè Ransome-Kútì tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tó ní kí ìlera bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó kékeré tó sún mọ́ ilé aláìsàn. Àwọn ibùdó náà ṣì wà ní Ọ̀dẹ̀dá, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní Ìfọ̀. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, kí wọ́n sì fún un ní àṣẹ láti fi aláìsàn ránṣẹ́ sí Ìdí-Aba tààrà, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ti ìpínlẹ̀ wa pé ìbánigbófò yóò san owó MRI fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ.

Ìyá alágbo Kútọ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, nítorí òun ni dókítà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, ó sì mọ oníbàárà rẹ̀ lórúkọ. Kó tó ṣí ìdérí, kó bi í bóyá ìrora náà ń jí i lóru, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo tàbí ìdí rẹ̀ kú, bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kó bi í bóyá wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ rí. Bí èsì ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó má ta ìgò fún un lọ́jọ́ náà. Kó bá a dá ọkọ̀ Ìdí-Aba dúró.